Ta Ni Ọmọ Ọwọ́ Ń Pè? Ìwádìí Kékeré lórí ‘Ìyá’ àti ‘Bàbá’

 

Ọ̀rọ̀ kan ló ṣẹlẹ̀ ní ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní sáà tó kọjá tó mú wa gbé kálámù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí wa, ṣùgbọ́n Sókótó ni wọ́n bí wa sí, ibẹ̀ náà ni a dàgbà sí. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, à ń bá ìyá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, Hausa ni a fi kí wọn, ‘Iya, ina kwana?’, kí a tó yí i sí Yorùbá. Bí a ti parí ọ̀rọ̀ ni ọ̀rẹ́ wa kan bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, ‘Ṣé ẹ ò rí i pé “ìyá” tí ẹ ń pè yẹn gan-an, ti Hausa ni? “Bàbá” náà ńkọ́? Tiwọn ni. Kí ló wá kù lára yín tó jẹ́ ti Yorùbá?’ Ẹlòmíràn dáhùn pé irọ́ ni, Hausa ló wá yá a lọ́wọ́ wa. Wọ́n jiyàn títí iná fi lọ. Àwa tí ọ̀rọ̀ kàn kò rí èsì fọ̀. Ká sòótọ́, ó dùn wá. Bí orúkọ tí ènìyàn fi ń pe ìyá tó bí i bá jẹ́ ti ẹni ẹlẹ́ni, kí ló kù tí yóò pè ní tirẹ̀? A gba ilé ìkàwé lọ. Ohun tí a bá bọ̀ nìyí.

Ẹjọ́ tí wọ́n dá ní Kara

Kí a tó débi ọ̀rọ̀ ìwé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú yín dé Kasuwar Kara. Òun ni ọjà ẹran ní ìgboro Sókótó. Màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́, ràkúnmí àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, gbogbo wọn ló ń bẹ níbẹ̀. Orúkọ náà kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin ará Èkó, nítorí Kara náà ni à ń pe ọjà màlúù tó wà lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Bàbá wa a máa ra òbúkọ àti àgbò ní Kara, wọn a sì kó wọn ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ìyá wa ń se oúnjẹ tà fún àwọn alágbàtà ẹran àti àwọn awakọ̀ tírélà. Bí Hausa bá dé ìsọ̀ wọn, a ní, ‘Iya, akwai abinci?’ Bí Yorùbá bá dé, a ní, ‘Ìyá, ṣé oúnjẹ wà?’ Ìyá wa a sì dá àwọn méjèèjì lóhùn.

Àbúrò wa kò tíì pé oṣù mẹ́jọ nígbà tí à ń wí yìí. Orí ẹní ni wọ́n tẹ́ ẹ sí lábẹ́ àtíbàbà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé, ‘Nna-nna-nna.’ Obìnrin Fúlàní tó ń ta nono nítòsí ní òun ni ọmọ ń pè, nítorí ‘inna’ ni ọmọ Fúlàní ń pe ìyá. Ìyá kan tó jẹ́ Nupe ní rárá o, ‘nna’ gan-an lọmọ wí, ‘nna’ sì ni ìyá lédè tàwọn. Ọ̀gbẹ́ni Ígbò tó ń ta oògùn ẹran ní kí wọ́n má jà du ohun tí kì í ṣe tiwọn, pé bàbá ni ‘nna’, ọkùnrin lọmọ ń pè. Bàbá wa rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ọ̀gbẹ́ni náà máa múra owó ilé-ìwé ọmọ sílẹ̀. Ìyá wa kò bá wọn dá sí i. Wọ́n gbé ìgbákọ kalẹ̀, wọ́n gbé ọmọ, wọ́n fún un lọ́mú. Ariwo dákẹ́. Wọ́n ní, ‘Ebi ló ń pa á.’

Ẹ̀rín la fi í rín nígbà náà. Ìgbà tí a dé ilé ìkàwé la tó mọ̀ pé ẹjọ́ tí ìyá wa dá lábẹ́ àtíbàbà náà ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n dá nínú ìwé.

Ohun tí àwọn onímọ̀ wí

Ní ọdún 1959, ará Amẹ́ríkà kan tó jẹ́ onímọ̀ nípa àṣà àti ẹbí, George Peter Murdock, kó ọ̀rọ̀ 1,072 jọ láti inú àwọn èdè káàkiri àgbáyé. Nínú wọn, 531 jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ìyá, 541 sì jẹ́ ti bàbá. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá àwọn èdè tí kò bá ara wọn tan pàápàá máa ń lo ìró kan náà fún òbí. Roman Jakobson, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, ló wá ṣàlàyé àbájáde rẹ̀ nínú àròkọ kan tó jáde ní 1960. Ìlú Moscow ni wọ́n ti bí Jakobson ní 1896. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Hitler wọ Czechoslovakia ní 1939, ó sá kúrò níbẹ̀, ó sì gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní 1941. Ó fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tó dúró fún ìyá, bíi 55 ló ní kọ́ńsónáǹtì àránmúpè, irú ‘m’ àti ‘n’. Nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tó dúró fún bàbá, 15 péré ló ní in. Ti bàbá, ìró bíi ‘b’, ‘p’, ‘t’ àti ‘d’ ló pọ̀ níbẹ̀.

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ kí a wo ẹnu ọmọ ọwọ́. Bí ọmọ bá ń mu ọmú, ètè rẹ̀ dì mọ́ ọmú pinpin. Ẹnu ti dí, kò sí ibi tí èémí lè gbà jáde bí kò ṣe imú. Bí ọmọ náà bá wá ń kùn díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń mu ún, irú ìró wo ni yóò jáde? Ìró àránmúpè ni, ‘mmm’ tàbí ‘nnn’. Ìró yìí àti oúnjẹ di ọ̀kan náà lọ́kàn ọmọ. Bó bá tún rí ọmú lọ́ọ̀ọ́kán, tàbí tí ebi bá ń pa á tí kò rí i, ìró yẹn kan náà ni yóò fi béèrè. Ẹni tó sì máa ń dìde wá nígbà tó bá béèrè ni ìyá. Ìyá náà á ní, ‘Ọmọ mi pè mí.’ Bí igbe ebi ṣe di orúkọ nìyẹn.

Ti ‘ba’ kò le rárá. Kí ọmọ pa ètè méjèèjì dé, kí ó ṣí wọn, kí ó yanu, ‘ba’ ti jáde. Nínú kíláàsì, àfèjì-ètè-pè ni wọ́n kọ́ wa pé kí a máa pe irú kọ́ńsónáǹtì yìí. Láti bí oṣù mẹ́fà ni ọmọ ti ń fi ìró bẹ́ẹ̀ ṣeré, tí yóò máa wí pé ‘ba-ba-ba’, ‘ma-ma-ma’, ‘da-da-da’, láìpe ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í wí i lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́, àpètúnpè ni tirẹ̀. Àwa àgbàlagbà tí à ń retí pé kó pè wá la máa ń mú ìró náà lẹ́nu rẹ̀, tí a ó fún un ní ìtumọ̀, tí a ó sì dá a padà fún un pé, ‘Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá rèé!’ Ọmọ ló mú ìró wá, àgbà ló fi ìtumọ̀ sí i. Nítorí náà, gbogbo àwọn tó ń jà ní Kara lọ́jọ́ náà ló jàre díẹ̀, kò sì sí ẹni tó jàre tán.

Bí ayé ṣe pín in

Bí ìró bá jẹ́ ọ̀kan náà tí ìtumọ̀ sì wá láti ọwọ́ àgbà, kò ní yà wá lẹ́nu bí ìtumọ̀ bá yí padà láti ìlú dé ìlú. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdílé èdè Jakobson fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Slavic, tí èdè Rọ́ṣíà, ti Póláńdì, ti Czech àti ti Bùlgáríà wà lábẹ́ rẹ̀. ‘Mama’ ni ìyá lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Bùlgáríà bá ké pé ‘Baba!’, ìyá àgbà ló ń pè. Bàbá tó bí ọmọ, ‘tata’ ni lédè Póláńdì. Lédè Rọ́ṣíà, ‘dyadya’ ni àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n òbí tó jẹ́ ọkùnrin, ‘tyotya’ ni tobìnrin. ‘Nyanya’ sì ni obìnrin tí wọ́n gbà láti máa tọ́jú ọmọ. Ẹ wo bí gbogbo wọn ṣe jẹ́ àpètúnpè. Ọ̀rọ̀ tí àgbà ń lò fún ìyá, ‘mat’’, bá ‘mater’ ti èdè Látìn tan. ‘Ma’ tó wà níwájú rẹ̀ dà bí ti ọmọ ọwọ́, àgbà ló so ìrù mọ́ ọn.

Bí ẹ bá kúrò ní Rọ́ṣíà tí ẹ sọdá òkè lọ sí ilẹ̀ Georgia, ìyàlẹ́nu ni yóò jẹ́ fún yín. Níbẹ̀, ‘mama’ ni bàbá, ‘deda’ sì ni ìyá! Ẹ má rò pé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni irú rẹ̀ wà. Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ní Kara náà nìyẹn: ‘nna’ ti Nupe jẹ́ ìyá, ‘nna’ ti Ígbò jẹ́ bàbá, a sì jọ wà ní Nàìjíríà kan náà. Lọ́dọ̀ àwọn Igala, ‘ata’ ni bàbá, láti ibẹ̀ ni oyè ọba wọn, Attah, ti wá.

Ta ló yá ta lọ́rọ̀?

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ẹ̀sùn tí ọ̀rẹ́ wa fi kàn wá. Òótọ́ ni pé ‘baba’ wà nínú Hausa. Òótọ́ ni pé ‘iya’ náà wà níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé ‘iyaye’ ni Hausa ń pe àwọn òbí. Ṣé ẹ̀rí nìyẹn pé ẹnìkan yá a lọ́wọ́ ẹnìkejì? Rárá o. Èdè Hausa àti Yorùbá kì í ṣe ìdílé kan náà: Hausa bá Lárúbáwá tan lókèèrè, Yorùbá sì wà ní ìdílé Niger-Congo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹnu ọmọ ọwọ́ lè dá sílẹ̀ níbikíbi kò ṣeé fi dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi ‘baba’ nìkan dájọ́, a ó ní Yorùbá bá Bùlgáríà tan.

Ẹ̀rí àyálò a máa hàn. Ní Kara, ràkúnmí ni à ń pe ẹran ọlọ́rùn gígùn tí Hausa ń pè ní ‘raƙumi’. Ẹran náà kì í ṣe ti inú igbó wa, ọ̀nà òkè ọya ló gbà wá, ó sì gbé orúkọ rẹ̀ dání. Àlùbọ́sà náà ńkọ́? ‘Albasa’ ti Hausa ni, Hausa fúnra rẹ̀ sì gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá. Ọjà ló dé, orúkọ sì tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ìlú wo ni wọn kò ti bí ọmọ rí, tí wọ́n fi ní láti dúró de ràkúnmí kí ó tó gbé ọ̀rọ̀ ‘ìyá’ wá fún wọn?

Ẹ̀rí ìbátan náà a máa hàn, kì í sì í dá rìn. Àwọn Igala ń pe ìyá ní ‘iye’, èyí tó jọ ‘yèyé’ ti Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Bí ó bá mọ síbẹ̀, a kò ní sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nǹkan. Bí a bá yọ ti ohùn sílẹ̀, ‘eji’, ‘ẹta’, ‘ẹfa’ àti ‘ẹjọ’ tiwọn kò yàtọ̀ sí èjì, ẹ̀ta, ẹ̀fà àti ẹ̀jọ tiwa. Kò sí ọmọ ọwọ́ tó ń fi ‘ẹ̀fà’ béèrè ọmú. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ẹbí ni wá. Ti Hausa ni ‘biyu’, ‘uku’, ‘shida’, ‘takwas’, ẹ̀yin náà ẹ gbé e yẹ̀ wò.

Ohun tó jẹ́ tiwa

Njẹ́ a lè wá sọ pé ‘ìyá’ àti ‘bàbá’ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni? Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ìró ni ti gbogbo ayé. Ohun tí a fi ìró náà kọ́ ni tiwa.

Àkọ́kọ́ ni ohùn. Bí a bá gbé ohùn kúrò ní ipò rẹ̀, bàbá tó bí wa yóò di bàbà tí à ń pè mọ́ ọkà. Èkejì ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi wọ́n hun. Ọmọ bàbá kan náà ni ọbàkan, ọmọ ìyá kan náà ni ìyekan. Ẹ kíyè sí i pé ‘ba’ àti ‘ye’ dá dúró níbẹ̀ láìsí àpètúnpè. Ọmọdé ló ń pè é ní méjì, àgbà mú ọ̀kan, ó fi pín ogún àti ìbátan. Inú ilé yìí kan náà ni baálé, ìyálé, ìyálọ́jà àti ìyálóde ti jáde. Àwọn àgbà tilẹ̀ túmọ̀ Yemọja sí yèyé ọmọ ẹja. Láti inú igbe ọmọ la ti kọ́ ètò ìlú.

Ẹ̀kẹta ni ẹni tí a fi ń pè. Yorùbá kò fi ‘ìyá’ mọ sọ́dọ̀ ẹni tó lóyún nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ ọmọ tí ìyá àgbà tọ́, tó jẹ́ pé ìyá àgbà ló ń pè ní ‘Ìyá’, tó sì ń pe ìyá tó bí i ní ‘Àǹtí’. Ọ̀rọ̀ tọ ìtọ́jú lọ. Àwọn ará Rọ́ṣíà mọ irú ìfẹ́ yìí. Pushkin, akéwì ńlá wọn tó gbé ayé láti 1799 sí 1837, tí bàbá tó bí bàbá ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, kò gbàgbé nyanya rẹ̀, Arina Rodionovna. Ẹrú ni obìnrin náà láti ìbí, òun ló sì ń pa àlọ́ fún un.

Ohun kan tún wà tó wọ̀ wá lọ́kàn. Ní 1854, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, Sigismund Koelle, tẹ ìwé kan jáde tó ń jẹ́ Polyglotta Africana. Ìlú Freetown ló ti kó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jọ, láti ẹnu àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èdè tó wà níbẹ̀, Yorùbá àti Hausa pẹ̀lú. Lára ọ̀rọ̀ tó béèrè lọ́wọ́ wọn ni ‘bàbá’ àti ‘ìyá’ wà. Ẹ fojú inú wo àgbàlagbà tí wọ́n jí gbé nílé, tí kò mọ̀ bóyá ìyá òun wà láàyè, tí òyìnbó bi í pé, ‘Kí lẹ ń pe ìyá nílùú yín?’ Ó sì dáhùn. Wọ́n gba ilé àti ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kù sí i lẹ́nu. Ta ni yóò sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé nítorí pé kò gbé ilé, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ mọ́?

Kí a má gbàgbé ‘Dádì’

Nígbà tí a mú gbogbo àlàyé yìí délé, ọ̀rẹ́ wa fetí sílẹ̀ dáadáa. A wá bi í pé, ‘Kí lo ń pe bàbá rẹ?’ Ó ní, ‘Dádì ni.’ Gbogbo yàrá pa ariwo! ‘Dádì’ àti ‘mọ́mì’, àyálò pọ́nńbélé ni wọ́n, gbogbo wa la mọ ọjà tí a ti rà wọ́n. Kò sì sí ẹni tó sọ fún un rí pé kì í ṣe Yorùbá.

Irú rẹ̀ ṣe àwọn Rọ́ṣíà. ‘Tyatya’ ni àwọn ará oko ń pe bàbá tẹ́lẹ̀. Nígbà tí èdè Faransé gbòde láàrin àwọn ọlọ́lá, ‘papa’ ti àwọn Faransé wọlé. Ó gbilẹ̀ títí ‘tyatya’ fi di ọ̀rọ̀ ará oko. A kò bínú sí ẹni tó ń pe ‘Dádì’. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a má jẹ́ kí ‘bàbá’ àti ‘yèyé’ di ọ̀rọ̀ tí ojú ń ti ọmọ láti pè níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Lákòótán, a béèrè lọ́wọ́ ìyá wa lórí fóònù bóyá wọ́n rántí ọjọ́ ‘nna-nna’ ní Kara. Wọ́n ní àwọn rántí. A ní, ‘Ìyá, ta wá ni ọmọ ń pè lọ́jọ́ náà?’ Wọ́n ní, ‘Ẹni tó bá gbọ́ igbe tó sì dìde ni.’

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ bá wa bi àwọn àgbà léèrè ohun tí ọmọ ọwọ́ ń pe ìyá, bàbá, ìyá àgbà àti alágbàtọ́ ní ẹ̀ka-èdè ìlú yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ sì mú un wá fún wa. Ẹ̀yin tí wọ́n bí ní Kano, Jọ́ọ̀sì, Kàdúná tàbí Ghana, ẹ má fà sẹ́yìn, ẹ̀yin gan-an la ń retí jù. Ó dìgbà kan ná o.